Àkọlé Nìkan Kọ́ ni Ìròyìn: Ọ̀rọ̀ HIV Lójú Fóònù Wa

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ti owó ọkọ̀ wà lójú ìwé tó ṣáájú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lè kọ́kọ́ lọ kà á ná, kó tó padà bá wa níbí. Ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí dá lórí ìròyìn, àti bí ìròyìn ṣe lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà inú wa mọ tábìlì ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́nu géètì. Láàárọ̀, kí fèrè iṣẹ́ tó dún, ogún ènìyàn á ti pagbo yí i ká, ẹni méjì péré ló máa mówó jáde. Àwọn yòókù á na ọrùn bí ògòǹgò, wọ́n á ka àkọlé gàdàgbà gàdàgbà tó wà lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí wọn kò rí inú rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀rọ, ìròyìn kan ṣoṣo ti di mẹ́ta. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a máa ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ òǹkàwé ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀, torí pé tábìlì kì í tẹ̀ lé ènìyàn wọlé.

Nísinsìnyí, gbogbo wa ti di ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé ọ̀fẹ́. Facebook ni tábìlì tuntun, fóònù la sì fi ń gbé e kiri, dé orí ibùsùn, dé ilé ìyàgbẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti rédíò fúnra wọn ló ń gbé àkọlé síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kan. Kí èèyàn tó lè ka inú ìròyìn gan-an, ó di dandan kó tẹ ibì kan, kó ná dátà, kó dúró kí ojú ewé ṣí, kí ìpolówó mẹ́rin sì wá bo ojú fóònù. Ta ló ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láàárín ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Àkọlé la ó kà, a ó wo àwòrán, a ó ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lábẹ́ rẹ̀, a ó ya á bó ṣe wà lójú fóònù, a ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bó bá ti dé WhatsApp, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn. Kò ní ọjọ́ mọ́, kò ní orúkọ akọ̀ròyìn mọ́. Ìròyìn ọdún mẹ́fà sẹ́yìn á wọlé bí ẹni pé àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, tàbí ti òṣèré tó kọ ìyàwó, a lè fi ṣe àwàdà. Ọ̀rọ̀ HIV kì í ṣe ti àwàdà.

Kí ló fa ọ̀rọ̀ wá? Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kan ló wọ ojú WhatsApp ẹ̀ka wa. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: obìnrin kan tí wọ́n ní ó ní kògbóògùn, iye ọkùnrin tí wọ́n ní ó ti kó o ràn, àti àwòrán ẹnì kan tó rù kan eegun, tí kò sí ẹni tó mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti yà á. Ẹnì kan nínú wa ṣí ìròyìn náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ dókítà níbẹ̀, kò sí ti àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí orúkọ ìlú. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ kọ síbòmíràn ni wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó kà á tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò lójú fóònù, ó ti dé ìdí àmù omi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá tó sì rù. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife tiwọn wá láti ilé. Ìyá tó ń ta oúnjẹ ní káńtíìnì ní kí ọ̀gbẹ́ni náà máa mú abọ́ tirẹ̀ wá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ọ̀gá kan fi béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú wa bóyá kò ní dára kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

A kò ní sọ ẹ̀ka iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà wà, a kò sì ní sọ ohun tó ṣe é. Kò kan ẹnikẹ́ni. Èsì tí a fún ọ̀gá náà ń bọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ àrùn yìí ní kògbóògùn? A kò bá orúkọ náà lẹ́nu àwọn baba wa. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur, ní Paris, rí kòkòrò tó ń fà á. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà. Orí rédíò àti inú ìwé ìròyìn ni orúkọ yìí ti gbilẹ̀. Nígbà náà, a kò lè bá ẹni tó lò ó jà, nítorí pé ẹni tí àrùn náà bá mú ní ilẹ̀ wa, kò sí oògùn tí wọ́n lè kọ fún un. Àmọ́ láti 1996 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé bí a bá lo oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà kò ní lè máa pọ̀ sí i nínú ara. Ní 2002, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá rí àyè wọlé á máa san 1,000 náírà lóṣù. Ní 2006, wọ́n sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń wá iṣẹ́ báyìí, síbẹ̀ kògbóògùn ni àwọn ojú ìwé kan lórí Facebook ṣì ń pè é.

Òótọ́ ni pé oògùn náà kò lé kòkòrò náà jáde pátápátá. Ẹni tó bá pa á tì, kòkòrò á tún jí. Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ń lọ pátápátá ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ń lọ ni? Ọ̀gá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú oògùn rẹ̀ jáde lápò lójú gbogbo wa, ó ń fi omi tì í, àwa náà ń kí i pé kó máa tọ́jú ara. Ẹnikẹ́ni kò gbé ife sá fún un. Orúkọ ń ro ọmọ, orúkọ sì ń ro aláìsàn pẹ̀lú: ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé àrùn rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, kí ló fẹ́ lọ gbà ní ilé ìwòsàn? Ilé ni yóò jókòó sí títí tí yóò fi rù dé ibi tí àwòrán orí Facebook yẹn rù dé.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù, tí a kì í sábà rí lójú àkọlé, nìyí. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Kì í ṣe àwa la sọ ọ́. Ní 2016, àwọn oníṣègùn tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n pè ní PARTNER jáde. Olólùfẹ́ méjì-méjì 888 ni wọ́n tọ pinpin ní ilẹ̀ Yúróòpù: ẹnì kan ní kòkòrò náà ó sì ń lo oògùn, ẹnì kejì kò ní, wọn kò sì ń lo rọ́bà. Iye ìgbà tí wọ́n bá ara wọn lò pọ̀ tó nǹkan bíi 58,000. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà á lọ́dọ̀ ẹnì kejì rẹ̀. Bí orí ibùsùn kò bá kó o ràn ní ìgbà 58,000, kí wá ni ti ife omi? Ife omi, abọ́ oúnjẹ, bíbọ ọwọ́, ilé ìyàgbẹ́ àti ẹ̀fọn, ọ̀kankan nínú wọn kò kó HIV ranni rí, yálà ẹni náà ń lo oògùn tàbí kò lò ó. Ó yẹ kí ìyá wa ní káńtíìnì gbọ́ èyí, a sì ti lọ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nípa iye èèyàn, a ó kàn sọ gbólóhùn kan tàbí méjì. Ìjọba ṣe ìwádìí ńlá káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2018, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta 2019: nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 15 sí 49, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò náà. Ìdá 2.8 ni wọ́n ti ń fojú bù tẹ́lẹ̀. Iye àtijọ́ yẹn ṣì ń káàkiri lórí fóònù nítorí pé ó ń bani lẹ́rù ju ti tuntun lọ.

Ẹ má rò pé ìdẹ́rùbà nìkan ni ẹ̀bi wọn. Àkọlé aláyọ̀ náà ń ṣe ìpalára, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí 1999 sí 2000, nígbà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Jeremiah Abalaka, ní Gwagwalada, sọ pé òun ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń wo HIV sàn. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn aláìsàn sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin de abẹ́rẹ́ náà ní 2000. Nígbà náà, ọjọ́ kan ni àkọlé fi ń wà lórí tábìlì. Lónìí, àkọlé tó sọ pé wọ́n ti rí oògùn tó ń wo HIV sàn kì í kú. Ní 2019, ìròyìn jáde pé ọkùnrin kan ní London ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà, òun sì ni ẹnì kejì irú rẹ̀ lẹ́yìn ti Berlin. Inú ìròyìn sọ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe àwọn méjèèjì, pé mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn ni wọ́n fi rọ́pò tiwọn, pé ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀dá ara tí kòkòrò náà kò lè wọ̀, pé iṣẹ́ abẹ̀mí-ń-ló náà kò ṣeé ṣe fún gbogbo ènìyàn. Èyí tó dé WhatsApp ni pé wọ́n ti rí oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lenacapavir, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 láti fi dènà HIV. Ìròyìn ńlá ni, torí pé nínú àwọn obìnrin tó lé ní 2,000 tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ náà ní South Africa àti Uganda, kò sí ẹyọ kan tó kó kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n ìdènà ni wọ́n fi hàn níbẹ̀. Àkọlé kan á pè é ní àjẹsára, òmíràn á pè é ní ìwòsàn, ẹni tó ń lo hóró oògùn rẹ̀ lálaalẹ́ á sì ju ìgò náà sí kọ̀rọ̀, á ní òun ń dúró de abẹ́rẹ́.

Nígbà mìíràn ìròyìn náà kì í ṣe irọ́, ìdajì rẹ̀ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra ọ̀pọ̀ oògùn HIV tí wọ́n ń pín nílẹ̀ wa. Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, kódà ó yẹ kí inú bí wa pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọwọ́ aláwọ̀ funfun ni ẹ̀mí àwọn èèyàn wa ṣì wà. Àmọ́ ohun tí àkọlé mìíràn sọ ni pé oògùn ti tán. Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà fi ní kí oògùn tó ń gba ẹ̀mí là máa lọ. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí 4.8 bílíọ̀nù náírà láti ra oògùn HIV. Ìyẹn kò rin ìrìn àkọ́kọ́. Ẹni tó gbọ́ pé oògùn ti tán lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ kan kọjá láti fi ṣún èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ná, tàbí kó pín in fún ẹlòmíràn. Bí kòkòrò náà ṣe ń kọ́ láti borí oògùn gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe pé àwọn oníròyìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, pe àwọn oníròyìn jọ ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìfi bò pé àrùn éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Ẹbí ńlá ni ẹbí wọn, wọ́n lè sọ pé ibà ni. Nítorí pé dókítà ló sọ ọ́, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, àkọlé ọjọ́ náà ní ẹsẹ̀ tó dúró lé. Ní ọdún 1997 kan náà ni akọ̀ròyìn Omololu Falobi dá ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn tó ń gbógun ti éèdì sílẹ̀ ní Èkó, láti máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ HIV láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Àwọn apànìyàn yìnbọn pa á ní Èkó ní 2006. Iṣẹ́ tó ṣe wà lójú ìwé ìròyìn. Tábìlì tuntun yìí ni kò tíì dé.

Kí ló dé tí kò fi dé ibẹ̀? Ibi tí ojú òṣìṣẹ́ ti máa ń ríran jù lọ rèé. Ìwé ìròyìn àtijọ́, bí o bá rà á, owó ti wọlé, bóo kà á bóo kò kà á. Lórí Facebook, iye ọwọ́ tó bá tẹ àkọlé ni ìpolówó ń sanwó fún. Ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn, tó bá dókítà sọ̀rọ̀, tó fi ọjọ́ méjì kọ ìròyìn, kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń kọ àkọlé sójú Facebook. Ọ̀dọ́ kan tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni wọ́n lè fi sídìí rẹ̀, tí wọ́n ń ka iye ọwọ́ tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń ka páálí lọ́wọ́ àwa náà. Bí páálí kò bá pé, ẹ mọ ohun tí sùpáfáísọ̀ máa ń sọ. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ilẹ̀ wa ni ilé-iṣẹ́ wọn jẹ lówó oṣù, àwọn kan jẹ wọ́n dé ọ̀pọ̀ oṣù. A kò sọ èyí láti fi dá wọn láre. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ ká kàn: ti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, tó ń fi ìbẹ̀rù aláìsàn pawó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó béèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní 1995, ilé ìwòsàn àdáni kan ní Èkó lé obìnrin kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lóyún nígbà náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rí HIV, wọ́n ní kó máa lọ. Ó pẹjọ́ ní 2000. Ní 2001, adájọ́ sọ pé kò gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́ọ̀tù àfi bí onímọ̀ ìṣègùn bá jẹ́rìí pé kò ní kó àrùn ran àwọn tó jókòó síbẹ̀. Kọ́ọ̀tù nìyẹn o, kì í ṣe ìdí àmù omi! Ó di oṣù kẹsàn-án 2012 kí ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní Ìkejà tó dá a láre, tí wọ́n ní kí ilé ìwòsàn náà san 7 mílíọ̀nù náírà fún un, apá kan fún iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan fún àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìgba àṣẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣáájú ìdájọ́ náà, ní 2010, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé ti fi ìmọ̀ràn rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200 lélẹ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ fi HIV lé òṣìṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní 2014, Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, tó sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ bá àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó kí wọ́n jọ kọ ìlànà lórí HIV níbi iṣẹ́. Èsì tí àwọn aṣojú wa fún ọ̀gá náà ni pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí yóò kúrò lára rẹ̀ nípa àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò ara rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò náà sì dára púpọ̀, a gba gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú pé kí wọ́n lọ ṣe é fúnra wọn, àṣírí wọn sì jẹ́ tiwọn. A béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà pé níbo ni ìlànà tí òfin 2014 ní ká jọ kọ wà. Títí di àkókò tí a ń kọ èyí, kò tíì dáhùn.

Ní ti ojú WhatsApp ẹ̀ka, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ìròyìn HIV tàbí ti àìsàn yòówù síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i, kó kà á dé ìsàlẹ̀, kó sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìròyìn náà àti ọjọ́ tó jáde mọ́ ọn. Bí kò bá rí ọjọ́, kó má gbé e. Àwọn kan ti ń kùn pé ìyẹn le jù. Ẹ jẹ́ kó le.

A sì ti kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó gbé àkọlé yẹn jáde. Ohun mẹ́ta la béèrè: kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, kí wọ́n dẹ́kun lílo kògbóògùn fún HIV, kí wọ́n sì kọ sínú àkọlé wọn gan-an, níbi tí òǹkàwé ọ̀fẹ́ á ti rí i láìná dátà, pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè ṣiṣẹ́, ó lè bímọ, ó sì lè dàgbà. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, lẹ́yìn káńtíìnì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní iṣẹ́ àárọ̀ lè wá fọwọ́ sí i ní aago méjì, àwọn ti alẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó fi ránṣẹ́.